Ìyá Ìlà Pupa

Bí aago bá lè jowú ènìyàn, gbogbo aago tó wà ní Sábó, ní ìlú Kánò, ni ì bá máa jowú Matilda Ògúnlànà. Aago a máa sáré, a máa fà sẹ́yìn, a tilẹ̀ máa kú nígbà mìíràn. Matilda kì í sáré, kì í fà sẹ́yìn, kò sì tíì kú. Aago méje ku ogún ìṣẹ́jú ni yóò gba ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ wọlé, ọyẹ́ ìbáà máa fẹ́, òjò ìbáà máa rọ̀, ẹ̀kọ gbígbóná tó sáré gbé mì nílé ìbáà ṣì máa jó o lọ́fun. Mẹgáàdì, bàbá Hausa tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, kò ra aago rí láyé rẹ̀. Bó bá ti rí i tó ń bọ̀ lókèèrè pẹ̀lú báàgì dúdú lábẹ́ apá, yóò ká ẹní rẹ̀, yóò kí i káàárọ̀ pé, "Ina kwana, Hajiya," yóò sì lọ lu agogo.

Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni Matilda o. Inú máàpù ló ti mọ Mẹ́kà. Ṣùgbọ́n kò bá mẹgáàdì jiyàn, nítorí Hajiya ṣì gbayì ju orúkọ tí àwọn tíṣà ń pè é lẹ́yìn lọ. Ìyá Ìlà Pupa ni wọ́n ń pè é.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ tíṣà rí. Ìwé gbọọrọ kan máa ń wà lórí tábìlì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, táìmù-búùkù ni wọ́n ń pè é. Tíṣà tó bá dé láàárọ̀ yóò kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, yóò kọ aago tó dé, yóò sì buwọ́ lù ú. Bó bá di aago méje àbọ̀, ọ̀gá yóò mú báírò pupa àti rúlà, yóò fa ìlà kan la ojú ìwé já. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lókè ìlà, ọmọ Ọlọ́run ni. Ẹni tó wà nísàlẹ̀, ẹlẹ́ṣẹ̀ ni. Bí èèyàn bá sì wà nísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lóṣù kan, lẹ́tà ìbéèrè yóò tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ pé kó wá sọ ohun tó ń dè é mọ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn, ojú àánú máa ń wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Bí ọ̀gá bá gbọ́ pé ẹnì kan ń sáré bọ̀, á kọ́kọ́ wúkọ́. Á ní, "Níbo ni mo fi rúlà yìí sí ná?" Á ṣí dúrọ́ọ̀ kan, á ṣí èkejì, ẹni tó ń sáré á sì ti wọlé. Matilda ní tirẹ̀ kì í wá rúlà. Láti aago méje kọjá ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n ni rúlà rẹ̀ ti wà lórí ìwé, tó dúró bí ológbò lẹ́nu ihò eku.

Ohun tó wá ń pa gbogbo Sábó lẹ́rìn-ín ni pé réluwé ni Albert, ọkọ rẹ̀, ń bá ṣiṣẹ́. Akọ̀wé tíkẹ́ẹ̀tì ni, kọ́tà àwọn òṣìṣẹ́ réluwé ni wọ́n sì ń gbé. Ẹ sì mọ réluwé wa. Ọkọ̀ tó yẹ kó dé lọ́jọ́ Àìkú, bó bá dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn èrò á tún máa dúpẹ́. Lójoojúmọ́ ni Matilda máa ń fi ọ̀rọ̀ náà gún ọkọ rẹ̀ lára lórí oúnjẹ.

"Bàbá Charles, ọkọ̀ tòní dà?"

"Ó ń bọ̀."

"Tàná ńkọ́?"

"Tàná náà ń bọ̀."

"Ká ní èmi ni ọ̀gá yín, gbogbo ẹnjíìnì yẹn ni ì bá wà nísàlẹ̀ ìlà!"

Albert á kàn bu òkèlè tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá fi ẹnjíìnì ṣiṣẹ́ jẹun ti kọ́ sùúrù.

Ṣùgbọ́n Matilda kò bá ìlà pupa wáyé. Nígbà tó dé Kánò lọ́dún 1971, tíṣà tó mọ ẹ̀rín rín ni. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Bọ́sẹ̀dé Adékọ̀yà, ni wọ́n jọ wọ ọkọ̀ ojú irin kan náà wá. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ kan náà ni wọ́n ti jáde, ilé-ẹ̀kọ́ kan náà ni wọ́n sì rán wọn lọ ní Sábó. Igi dògóyárò ńlá kan wà láàárín ọgbà. Abẹ́ rẹ̀ ni àwọn méjèèjì máa ń jókòó sí nígbà ìsinmi, tí wọ́n á jọ tọwọ́ bọ abọ́ kan, tí wọ́n á pín kunu inú ife kan. Ọ̀gá wọn ìgbà náà, bàbá kan tí irun imú rẹ̀ gùn ju mùsítáàṣì rẹ̀ lọ, ni wọ́n máa ń sín jẹ. Bọ́sẹ̀dé á fi igi fa ìlà sórí yẹ̀pẹ̀, á gbé ohùn wálẹ̀ bí ohùn bàbá náà, á ní, "Mísíìsì Ògúnlànà, ẹ buwọ́ lùwé!" Matilda á fi ẹsẹ̀ buwọ́ lu yẹ̀pẹ̀. Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí kunu á fi gba imú wọn jáde.

Bí àwọn méjì yìí ṣe wà nìyẹn títí di ọdún 1976. Ọdún náà ni ìjọba ní kí gbogbo ọmọ wá kàwé lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ọmọ ya wọ ilé-ẹ̀kọ́ bí eéṣú. Ọmọ mẹ́rin ń pín àga kan, àwọn kíláàsì mìíràn bọ́ síta gbangba, ọ̀gá onírun imú sì wò ó pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àgbà, ó bá tirẹ̀ lọ sílé. Wọ́n fi Matilda sípò rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ tó jókòó sórí àga náà ni ohun gbogbo bàjẹ́. Aago lu méje àbọ̀. Matilda fa ìlà. Ìṣẹ́jú mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ni Bọ́sẹ̀dé wọlé, òógùn bò ó, ó gbé abọ́ ńlá kan tó fi aṣọ dì.

"Màdáàmù wa tuntun! Ẹ kú oríire o! Tilda, wá wo nǹkan tí mo..."

Matilda ti ìwé síwájú. "Mísíìsì Adékọ̀yà, aago méje àbọ̀ ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ buwọ́ lùwé."

Bọ́sẹ̀dé bú sẹ́rìn-ín. Ó rò pé eré abẹ́ dògóyárò ni. Ó wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti bá a pín ẹ̀rín náà, kò rí ẹ̀rín kankan níbẹ̀. Àwọn tíṣà mẹ́ta dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò. Bọ́sẹ̀dé gbé abọ́ sílẹ̀ lórí tábìlì, ó kọ orúkọ rẹ̀ sísàlẹ̀ ìlà, ó ní, "Ẹ ṣeun, Màdáàmù," ó sì jáde.

Mọ́ínmọ́ín méjìlá ló wà nínú abọ́ náà, tí odindi ẹyin wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láti aago mẹ́rin ìdájí ni Bọ́sẹ̀dé ti ń sè é, láti fi bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ yọ̀ pé ó di ọ̀gá.

Bí ẹ bá bi Matilda, á ní ohun tó tọ́ lòun ṣe. Bí òun bá jẹ́ kí ọ̀rẹ́ òun kọjá, ojú wo ni òun á fi fa ìlà fún ẹlòmíràn? Òótọ́ ni. N kò bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n òótọ́ kò ní kó jẹ mọ́ínmọ́ín. Matilda fa ìlà, ó sì jẹ mọ́ínmọ́ín. Ó jẹ níbi iṣẹ́, ó gbé ìyókù relé, Charles ọmọ rẹ̀ jẹ títí, ó tún ń fi Hausa béèrè pé, "Mama, akwai saura?" bóyá ó ṣì kù. Lọ́jọ́ kejì, Matilda fọ abọ́, ó nù ún gbẹ, ó fi rán ọmọ kíláàsì kan sí Bọ́sẹ̀dé. Ọ̀rọ̀ kan kò bá abọ́ náà lọ.

Bọ́sẹ̀dé kò bá a jà. Ì bá sàn kó bá a jà! Láti ọjọ́ náà, aago méje ku ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ló ń dé, á bá mẹgáàdì jókòó lẹ́nu ọ̀nà títí ọ̀gá á fi ṣílẹ̀kùn. Orúkọ rẹ̀ ló ń wà lókè pátápátá lójoojúmọ́, pẹ̀lú ìwé kíkọ rẹ̀ tó mọ́ bí ẹyin. Á ní, "Ẹ káàárọ̀, Màdáàmù," ó parí. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko! Ẹnikẹ́ni tó bá rò pé ká máa tètè dé kò lè jẹ ẹlòmíràn níyà, kó béèrè lọ́wọ́ Matilda, ẹni tí orúkọ náà ń wò lójú láràárọ̀ kó tó mu omi.

Abẹ́ dògóyárò kò ṣófo, àwọn tíṣà tó kù ló darapọ̀ mọ́ Bọ́sẹ̀dé níbẹ̀. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín tó ń dún dé ọ́fíìsì. Bí Matilda bá yọ lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ̀rín á dákẹ́, gbogbo wọn á bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ nípa oòrùn. "Oòrùn òní mú o." "Ó mú jù." Matilda á padà sọ́fíìsì, á ti ilẹ̀kùn, á máa jẹ ẹ̀pà. Á máa ka àwọn ọmọ tó ti kọ́ jáde: ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì ní Fagge, ọ̀kan ti di nọ́ọ̀sì, ọ̀kan ń wa ọkọ̀ ńlá ní Bompai, ó sì máa ń fún un ní ìwo bó bá rí i lójú títì. Á kà wọ́n tán, ẹ̀pà á tán, kò sí ẹni tó máa sọ ọ́ fún.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1985, iléeṣẹ́ tí ọkọ Bọ́sẹ̀dé ti ń ṣiṣẹ́ ní Bompai dá àwọn òṣìṣẹ́ dúró. Ọkọ kó ẹrù lọ sí Ìkìrun, Bọ́sẹ̀dé ní òun náà á fẹ̀yìn tì, òun á tẹ̀ lé e. Ọ̀dọ̀ Matilda ni fọ́ọ̀mù gbà kọjá. Àyè kan wà níbẹ̀ tí ọ̀gá yóò ti kọ irú ẹni tí tíṣà náà jẹ́. Matilda jókòó tì í láàárọ̀ ọjọ́ kan gbáko. Ó rántí kunu tó gba imú jáde. Ó rántí ìgbà tí Charles ní ìgbóná, tí Bọ́sẹ̀dé gbé e pọ̀n lọ sí ọsibítù. Ó wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé: "Kì í pẹ́."

Àwọn tíṣà ṣe ìdágbére fún Bọ́sẹ̀dé lọ́jọ́ Ẹtì lábẹ́ dògóyárò. Amudat, tó kéré jù nínú wọn, tí ẹnu rẹ̀ sì mú jù, ló wá yá àga lọ́fíìsì.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, a fẹ́ yá àga."

"Mélòó?"

"Mẹ́tàlá, mà."

Matilda mọ iye àwọn tíṣà tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Mẹ́rìnlá ni wọ́n, bí wọ́n bá ka òun mọ́ ọn. Ó wo Amudat, Amudat wo àjà. Ó ní, "Ẹ buwọ́ lùwé pé ẹ yá a." Ẹ ò rí ayé! Wọ́n fi í sílẹ̀, ó tún ń kọ àga sílẹ̀ fún wọn.

Láti ojú fèrèsé ló ti wo ìdágbére náà. Ó rí Amudat tó dìde, tó fi báàgì sábẹ́ apá, tó ń rìn gbọnin gbọnin bí ẹni tó gbé aago mì. Gbogbo wọn ń da ẹ̀rín sílẹ̀. Ó gbà pé ọmọ náà mọ òun sín jẹ dáadáa. Bọ́sẹ̀dé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló sì dùn ún jù.

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e ni Bọ́sẹ̀dé máa wọ ọkọ̀ aago mẹ́jọ àárọ̀. Matilda mọ̀ pé bí ọkọ̀ yẹn bá lọ láìjẹ́ pé òun sọ̀rọ̀, ó tán, nítorí Ìkìrun kì í ṣe òdìkejì títì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ lẹ́tà. Tíṣà ni, kò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ èèyàn láì ní nọ́ńbà. Ó kọ ọ́ sókè pé: "Ọ̀rọ̀ nípa ìlà pupa ti oṣù kẹsàn-án, 1976." Ó kọ "èkíní," ó kọ "èkejì." Nígbà tó dé "èmi ni tiyín nítòótọ́, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́," ojú ara rẹ̀ tì í, ó fà á ya.

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, ó pe Amudat, ó kó táìmù-búùkù àti rúlà fún un. "N kò ní tètè dé lọ́la."

Amudat fẹ́ẹ̀ ṣubú. "Ẹ̀yin, mà? Ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí nǹkan."

"Báírò pupa ńkọ́, mà?"

"Báírò ò ní lọ síbì kan." Ó fi í sínú báàgì. Èèyàn kì í yí padà lọ́jọ́ kan.

Mọ́ínmọ́ín ni Matilda pinnu láti sè, méjìlá, ẹyin kọ̀ọ̀kan. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ó kọ táìmù-tébù fún un: aago márùn-ún, bó ẹ̀wà, márùn-ún àbọ̀, lọ̀ ọ́, mẹ́fà, pọ́n ọn séwé, méje, ó jinná. Àmọ́ ẹ̀wà kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Bíbó nìkan jẹ wákàtí kan. Nígbà tó gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń fi ẹ̀rọ lọ ata, ilẹ̀kùn ṣì wà ní títì. Ó kàn án gbà gbà gbà.

"Ilẹ̀ ti mọ́! Aago mẹ́fà ti kọjá!"

Ohùn kan dáhùn láti inú ilé pé, "Màdáàmù, ẹ̀rọ tèmi kì í buwọ́ lùwé o."

Ó padà délé pẹ̀lú ẹ̀wà lílọ̀ nígbà tí aago ń lọ sí méje. Ó gbé e ka sítóòfù, kẹrosíìnì tán. Wọ́n rán Charles lọ ra òmíràn, ó pẹ́ dé. Matilda ń ṣí ìdérí, ó ń dé e, ó ń ṣí i, omi ló ń rí. Albert ti wọ aṣọ iṣẹ́, ó fẹ́ máa lọ.

"Bàbá Charles."

"Hẹ̀n?"

"Ọkọ̀ aago mẹ́jọ òní."

"Kí ló ṣe é?"

Matilda yí ojú sí ìkòkò. "Ṣé kò lè... pẹ́ díẹ̀?"

Albert ṣí fìlà rẹ̀. Ó jókòó. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. "Ìyá Charles! Ọdún mẹ́rìnlá lo fi bú réluwé nínú ilé yìí!"

"Ẹ dákun, mo ti bú u tán. Ẹ dá mi lóhùn."

"Kì í ṣe èmi ni mo ń wà á. Ṣùgbọ́n fọkàn balẹ̀." Ó dé fìlà rẹ̀ padà. "N kò rí i kó já wa kulẹ̀ rí."

Aago mẹ́jọ àbọ̀ ni Matilda jáde nílé, ó ru ìkòkò, báàgì ń gbá a níhàá, gèlè ti wọ́ bo etí kan. Ó ń sáré. Àwọn ọmọ mẹ́ta tó pẹ́ dé ilé-ẹ̀kọ́ rí i lójú ọ̀nà, wọ́n sá sẹ́yìn ọmọlanke. Nígbà tí wọ́n rí i pé ó ń sáré kọjá wọn, ọ̀kan pariwo pé, "Kai! Hajiya ce! Ita ma ta makara!" pé Hajiya fúnra rẹ̀ pẹ́ lónìí. Títí di òní ni wọ́n ń ròyìn ìran náà ní Sábó.

Ó dé ibùdókọ̀. Ojú irin gùn lọ gbọọrọ, ó ṣófo, ewúrẹ́ kan dúró láàárín rẹ̀. Ọkọ̀ kò tíì dé. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, Matilda ní, "Ọlọ́run, o ṣeun fún réluwé."

Bọ́sẹ̀dé jókòó lórí àpótí rẹ̀, òun nìkan, ìwé olójú-ewé ogójì kan wà lórí itan rẹ̀. Ó ní kí gbogbo ẹni tó wá dágbére fún òun kọ orúkọ àti àdírẹ́sì wọn sínú rẹ̀, kí òun lè máa kọ̀wé sí wọn. Wọ́n ti wá, wọ́n ti lọ síbi iṣẹ́ wọn.

"Ẹ káàárọ̀, Màdáàmù."

"Bọ́sẹ̀." Èémí kò délẹ̀. "Mo gbé..."

"Aago mélòó ló lù?"

Matilda wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Mẹ́jọ kọjá ogójì ìṣẹ́jú."

"Ọkọ̀ aago mélòó ni mo ní mo fẹ́ wọ̀?"

"Mẹ́jọ."

"Ṣé báírò pupa yẹn wà lọ́wọ́ yín?"

Matilda ṣí báàgì, ó mú un fún un. Bọ́sẹ̀dé ṣí ìwé. Ó fi etí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣe rúlà, ó fa ìlà sábẹ́ orúkọ tó kẹ́yìn, ìlà tó tọ́ gbọnrangandan, ó sì na ìwé náà sí i.

"Ẹ buwọ́ lùwé."

Matilda wo ojú rẹ̀, bóyá eré ni. Kò rí ẹ̀rín níbẹ̀. Ìgbà náà ló tó mọ bí ilẹ̀ ṣe máa ń rí lábẹ́ ìlà. Ó kọ orúkọ rẹ̀. Níbi aago, ọwọ́ rẹ̀ fẹ́ kọ ìṣẹ́jú márùndínlógójì.

"Ogójì," ni Bọ́sẹ̀dé wí.

Ó kọ ogójì.

"Ṣé ó dùn?"

"Kò dùn." Matilda gbé ìkòkò sílẹ̀. "Bọ́sẹ̀, mo ṣẹ̀ ọ́. Ìlà yẹn, ó yẹ kí n fà á. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí n jáde tẹ̀ lé ọ. N kò jáde."

"O jókòó."

"Mo jókòó."

"O sì jẹ mọ́ínmọ́ín mi."

"Mo jẹ ẹ́."

"Mélòó?"

"Méjì." Bọ́sẹ̀dé ń wò ó. "Mẹ́rin."

"Tẹyin-tẹyin?"

"Tẹyin-tẹyin."

Ẹnu Bọ́sẹ̀dé kọ́kọ́ gbọ̀n, imú rẹ̀ tẹ̀ lé e, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ewúrẹ́ ojú irin fi gbé orí sókè. Omi bọ́ lójú Matilda, kò sí ẹni tó lè sọ bóyá ẹ̀rín ló fà á. Bọ́sẹ̀dé tú ewé kan, ó bu díẹ̀ sẹ́nu, ó sì fajú ro.

"Tilda, kò jinná."

"Aago ló lé mi."

"Ìwọ! Aago lé ìwọ!" Ẹ̀rín tún gbé e.

Wọ́n jẹ ẹ́ bó ṣe rí. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n tú sílẹ̀ lórí àpótí yẹn, àwọn ọmọ, àwọn ọkọ, àti ta ló kọ́ Amudat bí wọ́n ṣe ń sín Matilda jẹ. Bọ́sẹ̀dé jẹ́wọ́ pé òun ni. Nígbà tí Albert yọ sí wọn ní aago méjìlá ku díẹ̀, tó ń pariwo pé ọkọ̀ ti dé o, àwọn méjèèjì yíjú sí i lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ó tètè dé jù!"

Ọkọ̀ gbé Bọ́sẹ̀dé lọ, báírò pupa sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó nà án lójú fèrèsé, ó ń jù ú, ó ní bí Matilda bá fẹ́ gbà á, kó wá mú un ní Ìkìrun.

Ní ilé-ẹ̀kọ́, Matilda kọ orúkọ tirẹ̀ sísàlẹ̀ gbogbo orúkọ inú táìmù-búùkù, ó kọ aago méjìlá àbọ̀. Ó wá gbé àga rẹ̀ fúnra rẹ̀ jáde lọ́fíìsì, ó gbé e dé abẹ́ dògóyárò, ó sì jókòó. Àwọn tíṣà tó ń sinmi níbẹ̀ wo ara wọn lójú.

Amudat ní, "Ẹ̀n... oòrùn òní mú o, mà."

"Fi oòrùn sílẹ̀. Dìde, kí o rìn bí èmi, kí n wò ó dáadáa."

Ẹ má wá rò pé ó di ẹlòmíràn o. Lọ́jọ́ Ẹtì, ó ti ra báírò pupa tuntun. Aago méje àbọ̀ lù, ó ṣí táìmù-búùkù. Ìró ẹsẹ̀ ẹnì kan tó ń sáré bọ̀ ń dún lójú ọ̀nà. Matilda wúkọ́. Ó ṣí dúrọ́ọ̀ kan, ó ṣí èkejì.

Ó ní, "Níbo ni mo tilẹ̀ fi rúlà yìí sí ná?"

Odindi ìṣẹ́jú mẹ́ta ló fi wá a.